Ọwọ́ Kan Nínú Aró

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ohun tó nira jù nínú iṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ó máa ń rò pé aró ni n ó dárúkọ. Rárá o. Ohun tó nira ni pé mo ń dá iṣẹ́ tí í ṣe ti ọ̀pọ̀ ọwọ́ ṣe.

Ní Abẹ́òkúta àtijọ́, aládìrẹ ló ń ya ọnà sára aṣọ, aláró ló ń pa á láró. Àwọn ọmọ wà nílé tí yóò ro ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́, tí yóò sì sá aṣọ, kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́jà Ìtòkú. Lónìí, èmi ni aládìrẹ, èmi ni aláró, èmi ni mo ń ya fọ́tò sórí Instagram, èmi náà ni mo ń wá ọlọ́kadà tó gbé ẹrù oníbàárà ṣìnà.

Bí mo bá ń fi ìyẹ́ adìẹ ya Ìbàdàndùn, tí mo dé ibi òpó gbọ̀ngàn Mápó, ọwọ́ kò gbọdọ̀ gbọ̀n. Àsìkò náà gan-an ni fóònù máa ń dún: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Èló ni jálẹ̀?” Bí n kò bá dáhùn, oníbàárà ti lọ nìyẹn. Bí mo bá dáhùn, ẹ̀kọ ti gbẹ mọ́ ìyẹ́.

Ti òjò tún wà. Ẹ̀kọ tí kò gbẹ dáadáa kì í dúró nínú aró, ṣùgbọ́n owó ilé kì í dúró de oòrùn.

Iye owó ló ń dùn mí jù. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà wà lọ́jà pẹ̀lú ọnà àwọn ìyá wa lára rẹ̀, ó sì pọ́ọ́kú. Nítorí rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣírò owó aṣọ àti owó aró, a kì í ṣírò ọjọ́ mẹ́rin tí a fi tẹ̀ ba lórí tábìlì.

Lóṣù tó kọjá, ìdílé kan fẹ́ aṣọ ẹbí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Aṣọ 4 ni agbára mi ń gbé lọ́sẹ̀. Mo gba 12 fún àwọn òbí ìyàwó, mo sì ní kí wọ́n wá ìyókù síbòmíràn. Ó dùn mí wọra. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé aṣọ tí mo bá yà fún ìyá aláró kan ládùúgbò, mo ń san owó fún wọn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èrè dín kù lórí aṣọ kan, ṣùgbọ́n 6 ni mo ń yà lọ́sẹ̀ báyìí. Ẹni tí yóò máa gbé fóònù ló kù.