Odò Ọ̀ṣun: Láti Òkè Ni Kí Ààbò Rẹ̀ Ti Bẹ̀rẹ̀

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, àwa mélòó kan jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan ní Oníyanrìn, ọ̀rọ̀ sì kan odò Ọ̀ṣun. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wí pé ó yẹ kí Ìjọba ṣe òfin tí yóò dáàbò bo odò náà láti orísun rẹ̀ dé òpin. Bàbá àgbà kan dá a l'óhùn pé, "Ọmọ mi, omi òrìṣà ni. Kí l'ó kan àwa onígbàgbọ́ Ìbàdàn níbẹ̀?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn sì mi orí pé òdodo ni.

Kí Bàbá má bínú, ó kàn wá púpọ̀. Omi ẹ̀rọ tí à ń pọn ní ìlú yìí, nígbà tí ó bá wù ú láti yọ, Aṣéjìrẹ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Odò Ọ̀ṣun gan-an ni a sì sé ní Aṣéjìrẹ́.

Àwọn ará Òṣogbo ti mọ iyì odò yìí tipẹ́. Nínú igbó tí ó wà l'ẹ́bàá rẹ̀, èèwọ̀ ni kí a pẹja, kí a dẹ̀gbẹ́, tàbí kí a gé igi. Nígbà tí ọwọ́ àwọn agégi àti àwọn àgbẹ̀ fẹ́ ran igbó náà, Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó dé Nàìjíríà l'ọ́dún 1950, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, wà nínú àwọn tí ó dúró gbọn-in títí ó fi kú l'ọ́dún 2009. L'ọ́dún 1965 ni Ìjọba kọ́kọ́ fi apá kan igbó náà sí abẹ́ òfin. L'ọ́dún 2005, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun ìní gbogbo ayé. Ìsìn ibẹ̀ kì í ṣe ìsìn mi. Síbẹ̀ igi wọn ṣì wà l'ójú ìdúró, n kò sì lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọ̀pọ̀ igbó tí àwa tìkára wa wí pé kò ní òrìṣà nínú.

Ṣùgbọ́n hẹ́kítà 75 péré ni igbó yìí, odò kì í sì í jókòó sí ojú kan. Láti ilẹ̀ Èkìtì l'ó ti ń ṣàn bọ̀, ó sì gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, níbi tí àwọn awagóòlù ti ń wa ilẹ̀, tí wọ́n ń fọ erùpẹ̀ s'ínú àwọn odò kéékèèké. Àwọn mìíràn a máa fi mákúrì, irin tí ó ń ṣàn bí omi, kó góòlù jọ; májèlé sì ni. Omi Ọ̀ṣun wá pọ́n bí ẹrẹ̀ amọ̀kòkò, tó bẹ́ẹ̀ tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi kìlọ̀ l'ọ́dún 2022 pé kí àwọn tí ń lọ s'ọ́dún má ṣe mu ún. A ti ilẹ̀kùn mọ́ olè, a sì ṣí òrùlé sílẹ̀ fún un!

Àwọn kan ní, bí a bá lé àwọn awagóòlù, kí ni wọn yóò jẹ? Ìbéèrè gidi ni, n kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n kòtò góòlù a máa gbé oko kòkó mì pẹ̀lú, ẹni tí ó ní kòkó náà sì ní ẹnu. Ohun tí ó dí ọ̀rọ̀ náà jù ni pé Ìjọba Àpapọ̀ l'ó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakùsà, Ìjọba Ìpínlẹ̀ sì ni ojú rẹ̀ ń rí ẹrẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe òfin kan l'ọ́dún 1968 láti pa àwọn odò kan mọ́ bí Ẹlẹ́dàá ti dá wọn, kí a má sé wọn, kí a má sì ba etí wọn jẹ́. Odò mẹ́jọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn ṣì ń gbé, wọ́n sì ń dá oko l'étí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́ fún Ọ̀ṣun: kí a fi ààlà sí ẹ̀bá odò láti òkè wá, kí ẹnikẹ́ni má fọ góòlù níbẹ̀, ẹni tí ó bá ní ìwé àṣẹ, kí ó jẹ́ kí ẹrẹ̀ rẹ̀ silẹ̀ nínú kòtò kí omi tó padà s'ódò.

Nígbà tí mo ròyìn gbogbo èyí tán, Bàbá wa dákẹ́ díẹ̀. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Aṣéjìrẹ́ kẹ̀? Èyí tí ìyàwó ọmọ mi fi se ọbẹ̀ l'ánàá?"