Ẹ̀rọ Onígáàsì tí ń Pèsè Iná fún Ìbàdàn

Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá pé kí a máa ka ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ sí ohun tí èdè wa kò lè gbé. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ẹni tí ó bá mọ ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, tí ó sì ti dúró ti fọkanáísà rí ní Ring Road tàbí ní Challenge, ti mọ ìdajì ohun tí ń bẹ nínú ẹ̀rọ tọ́báìnì onígáàsì. Ìdajì tí ó kù ni a fẹ́ là yé ara wa.

Gáàsì ni a fi ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná mànàmáná Nàìjíríà. Apá kan nínú iná tí ń wọ ibùdó Ayédé ní Ìbàdàn ń gba orí wáyà ńlá wá láti Ọlọ́runṣògo, lẹ́bàá Pápáláńtò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní 2007 ni a ṣí ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀, ní ọdún kan náà tí a ṣí ti Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹ̀rọ 8 ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan ilé iṣẹ́ náà sì jẹ́ mẹ́gáwáàtì 335 bí gbogbo ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ pé. Kí a má ṣe kà wọ́n pọ̀ mọ́ Ẹgbin ní Èkó: níbẹ̀, gáàsì kàn ń se omi ni, oruku omi ni ó sì ń yí ẹ̀rọ. Ní Ọlọ́runṣògo àkọ́kọ́ àti Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, afẹ́fẹ́ gbígbóná gan-an ni ó ń yí i.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí afẹ́fẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí yóò rántí pé ìdí pọ́ǹpù náà máa ń gbóná. Agbára apá ẹni tí ń fẹ́ ẹ ni ó wọ inú afẹ́fẹ́ lọ, tí ó di ooru. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ ni a ń pe ẹ̀rọ tí ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ báyìí. Ti fọkanáísà ń lo pístìn tí ń lọ tí ń bọ̀ nínú ihò. Ti tọ́báìnì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá irin gbọọrọ kan ni, tí a to abẹ irin yí ká ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ọ̀wọ́ kan ń yí pẹ̀lú ọ̀pá, èyí tí ó tẹ̀lé e dúró gbọin lára agolo tí ó bò ó. Èyí tí ń yí ń gbá afẹ́fẹ́ síwájú, èyí tí ó dúró ń dá eré rẹ̀ dúró kí eré náà lè di ipá. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ń fi kún un, títí ipá afẹ́fẹ́ náà yóò fi ju ti ìta lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń wọ inú iyàrá iná. Níhìn-ín ni a ti ń tú gáàsì sí i, iná náà sì ń jó láìdáwọ́ dúró. Kì í bú gbàù, gbàù, bí ti ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Ooru rẹ̀ ń ju ìwọ̀n 1,000 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Afẹ́fẹ́ tí ó gbóná báyìí ń fẹ́ ààyè tí ó gbòòrò, ó sì ń tú jáde pẹ̀lú agbára gba àárín àwọn abẹ mìíràn, tí ó ń yí wọn. Àwọn wọ̀nyí ni tọ́báìnì. Ọ̀pá tí wọ́n wà lórí rẹ̀ ni ó ń yí jẹnẹrétọ̀, òun náà ni ó sì ń yí kọ̀mpírẹ́sọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ olóye yóò bi wá pé: bí tọ́báìnì ni ó ń yí kọ̀mpírẹ́sọ̀, tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ sì ń bọ́ tọ́báìnì, níbo ni èrè wà? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé agbára tí a ń ná láti fún afẹ́fẹ́ tútù pọ̀ kéré sí èyí tí a ń gbà nígbà tí afẹ́fẹ́ kan náà bá ti gbóná tí ó sì ń tú jáde. Ooru gáàsì ni ó fa ìyàtọ̀ náà. Ṣùgbọ́n èrè ọ̀hún kò pọ̀, èyí ni ó sì dá àwọn onímọ̀ dúró pẹ́. Ní 1903 ni Aegidius Elling, ará Norway, kọ́kọ́ ṣe èyí tí agbára ṣẹ́kù nínú rẹ̀, ohun tí ó sì ṣẹ́kù kò ju agbára ẹṣin 11 lọ. Ní 1939, ní ìlú Neuchâtel ní Switzerland, a gbé irú ẹ̀rọ yìí kalẹ̀ láti pèsè iná fún ìlú. Tọ́báìnì rẹ̀ ń mú mẹ́gáwáàtì tí ó lé ní 15 wá, kọ̀mpírẹ́sọ̀ ń jẹ èyí tí ó lé ní 11, mẹ́gáwáàtì 4 péré ni ó ń kan ará ìlú. Títí di òní, nǹkan bí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kọ̀mpírẹ́sọ̀ ń jẹ. Alájẹkì ni, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè lé e kúrò nílé.

Láti inú àjẹkì yìí ni ọ̀pọ̀ ìṣòro iná wa ti ń wá. Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ náà ń wọn agbára rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tí ooru rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 15. Afẹ́fẹ́ ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn tiwa ń ju 30 lọ dáadáa. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, ó sì ṣòro láti fún pọ̀. Bí ó bá súnmọ́ 35, àdánù náà lè ju ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára ẹ̀rọ lọ. Lọ́rọ̀ kan, ìgbà tí gbogbo Bódìjà ń tan fáànù ni ẹ̀rọ ń rẹ̀. Eruku ọyẹ́ náà ń lẹ̀ mọ́ abẹ kọ̀mpírẹ́sọ̀ bí a kò bá tọ́jú asẹ́ rẹ̀.

Gáàsì pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ní ipá tí ó ju ti afẹ́fẹ́ inú iyàrá iná lọ, bí kò ṣe bẹ́ẹ̀ kò lè wọlé. Ọ̀nà páìpù tí ó ti Escravos lọ sí Èkó ni Ọlọ́runṣògo àti Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ti ń gba tiwọn. Bí a bá ba páìpù náà jẹ́ níbì kan, gáàsì lè ṣì wà nínú rẹ̀ kí ẹ̀rọ sì dákẹ́, nítorí pé ipá rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Èyí tí ó yẹ kí àwọn ará Agbowó mọ̀ jù ni pé tọ́báìnì kò lè dá ara rẹ̀ jí. Kí iná tó lè jó nínú rẹ̀, kọ̀mpírẹ́sọ̀ gbọ́dọ̀ ti máa yí. Agbára láti ìta ni yóò sì kọ́kọ́ yí i. Nígbà tí iná bá kú káàkiri orílẹ̀-èdè, bí ó ti ṣẹlẹ̀ léraléra ní 2024, ilé iṣẹ́ tí kò ní ẹ̀rọ ìjídìde tirẹ̀ níláti dúró de iná láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ìdídò omi rọrùn láti jí, nítorí omi ti wà lókè tẹ́lẹ̀, a kàn ní kí ó sọ̀kalẹ̀ ni. Láti irú ibẹ̀ ni a ó ti rọra fa iná gba orí wáyà, láti ibùdó kan dé èkejì, títí yóò fi kan àwọn ẹ̀rọ onígáàsì, tí àwọn náà yóò sì máa jí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.