Ìdí tí gémù kékeré fi ń gba gbogbo àyè orí fóònù oníṣòwò

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ń lo fóònù kan ṣoṣo fún ọjà àti fún ilé. Orí rẹ̀ ni fọ́tò ọjà wà, orí rẹ̀ náà ni wọ́n ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà tó jẹ gbèsè sí. Bí ọmọ bá gba fóònù náà lálẹ́ láti fi gbá gémù, ó lè jẹ́ pé nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, fóònù yóò máa sọ pé àyè ti tán. Oníṣòwò á wá máa sáré pa nǹkan rẹ́, ibẹ̀ sì ni àkọsílẹ̀ ọjà ti lè bá a lọ.

Ohun tó fà á ni pé gémù tàbí áàpù tí à ń rí lójú fóònù kọ́ ni gbogbo ẹrù rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré lójú títì, ṣùgbọ́n tó háyà ilé ìkẹ́rùsí ńlá sẹ́yìn ọjà. Áàpù fúnra rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù náà. Àwòrán, ohùn àti fídíò tí gémù ń lò ló wà nílé ìkẹ́rùsí.

Lórí fóònù Android, òfin Google ló bí ètò yìí. Áàpù kan kò gbọdọ̀ ju 50MB lọ nígbà náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2012, Google gba àwọn tó ń ṣe áàpù láyè láti fi fáìlì méjì mìíràn tì í, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè tó 2GB. Ìyẹn ni pé ẹrù ẹ̀yìn lè tó 4GB. Fáìlì àkọ́kọ́ ló ń gbé ẹrù gan-an, èkejì wà fún àtúnṣe. OBB ni wọ́n ń pè wọ́n, inú fódà tó ń jẹ́ obb, lábẹ́ fódà Android, ni wọ́n sì máa ń wà. Ní 2015, Google sún ìwọ̀n áàpù fúnra rẹ̀ sí 100MB.

Láti oṣù kẹjọ ọdún 2021, áàpù tuntun tó bá wọ ilé ìtajà Google kò lè lo OBB mọ́. Wọ́n ń pín ẹrù sí ìdì-ìdì báyìí. Ìdì kan ń bá áàpù wọlé, òmíràn ń tẹ̀ lé e kété, òmíràn kì í wá àfi bí ẹni tó ń gbá gémù bá dé ibi tó ti nílò rẹ̀. Dátà lè máa lọ, nígbà tí onífóònù rò pé gémù ti wọlé tán.

Bí wọ́n bá yọ gémù kúrò, ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ á bá a lọ, àyè á sì ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún gbé e padà, gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò tún fi dátà rà. Gémù tí ẹrù rẹ̀ tó 2GB, bí ọmọ bá yọ ọ́ tó sì dá a padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, 6GB ti lọ nìyẹn.

Kí oníṣòwò tó pa ohunkóhun rẹ́, kó ṣí Settings, kó wọ Storage, kó wo áàpù tó ń gba àyè jù. Clear cache kò léwu, nǹkan ìgbà díẹ̀ ló ń kó dànù. Clear data ló yẹ kí èèyàn ṣọ́ra fún, torí gbogbo ohun tí áàpù náà tọ́jú sórí fóònù ló ń nù. Bí ó bá jẹ́ áàpù tí wọ́n ń kọ gbèsè sí ni, tí ẹ̀dà rẹ̀ kò sì sí níbòmíràn, orúkọ àwọn onígbèsè ti lọ nìyẹn, owó wọn sì lè bá a lọ.