Àbúrò ń pa ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ láti Alápòtí, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sángò máa ń dá dúró, ìwé àkàgbàgbé kan rèé o. My Sister, the Serial Killer lorúkọ ẹ̀, Oyinkan Braithwaite ló kọ ọ́ lọ́dún 2018. Ayọ̀ọlá, ọmọge tó rẹwà bí egbin, ti gún ọ̀rẹ́kùnrin mẹ́ta pa l'Ékòó. Kóredé ẹ̀gbọ́n ẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, òun ló ń ròyìn, òun náà ló ń fi bíliìṣì fọ ilẹ̀. Wọ́n ń wá Fẹ́mi kiri, Instagram ló gba ọkàn Ayọ̀ọlá! Ẹ̀rín á pa yín.

Nínú ìwé Bella Mackie, òyìnbó Ìlú Ọba, tó jáde ní 2021, apànìyàn gan-an ló ń sọ̀tàn. Ẹbí bàbá tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ló ń pa. Ẹ̀wọ̀n mú un lóòótọ́, àmọ́ torí ẹni tí ò pa ni!

Ti Ayọ̀ọlá ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ tó ń lò, ti bàbá wọn ni, ẹni tó ń lù wọ́n bí ẹni lu bàrà. Bàbá ti kú, ọ̀bẹ ò kú. Fẹ́mi tí wọ́n gún yẹn ńkọ́? Ewì ló máa ń kọ.