Ilé Ìwòsàn Kan, Orílẹ̀-èdè Méjì

Láti Bourg-Madame ní ilẹ̀ Faransé, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Puigcerdà ní Sípéènì. Odò kékeré kan ni ààlà. Mo gba orí afárá kọjá, kò sí ẹni tó bi mí léèrè ìwé ìrìnnà. Òkè Pyrenees yí ìlú méjèèjì ká, Cerdanya sì ni orúkọ gbogbo àfonífojì náà. Àdéhùn ọdún 1659 láàárín ọba Faransé àti ọba Sípéènì ló là á sí méjì. Lẹ́yìn rẹ̀, abúlé 33 bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Llívia nìkan ló yọ: ìlú ni wọ́n kà á sí, kì í ṣe abúlé, nítorí náà ó ṣì jẹ́ ti Sípéènì títí dòní, bí ilẹ̀ Faransé tilẹ̀ ká a mọ́.

Mo yà sí ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Camí d'Ur. Ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn Cerdanya wà. Kó tó ṣílẹ̀kùn lọ́dún 2014, ìsàlẹ̀ òkè ni púpọ̀ nínú àwọn ará Faransé ń sáré lọ fún ìtọ́jú tó le, títí dé Perpignan, nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún kìlómítà, ní ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ tí yìnyín máa ń bò nígbà òtútù. Bẹ́ẹ̀, Puigcerdà wà lẹ́yìn ilé wọn.

Mo wo àsíá búlúù oníràwọ̀ tó wà níbẹ̀. Dandan ni fún ẹni tó bá gba owó Yúróòpù láti gbé e síta. ERDF, àpò Yúróòpù fún ìdàgbàsókè àwọn ẹkùn, ni owó náà ti jáde. Ọdún 1975 ni wọ́n dá a sílẹ̀ kí ẹkùn tó rẹ̀yìn lè bá ẹgbẹ́ pé. Nínú àpò yìí ni ti Interreg ti ń wá, ètò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1990 fún àwọn tó ń gbé lẹ́nu ààlà. Ẹ̀ka rẹ̀ fún Sípéènì, Faransé àti Andorra ń jẹ́ POCTEFA. Mílíọ̀nù 31 owó Yúrò ni ilé ìwòsàn náà ná wọn, mílíọ̀nù 18.6, ìyẹn ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ló ti àpò náà wá. Yúróòpù kì í dá gbé gbogbo ẹrù: ẹni tó ń tọrọ gbọ́dọ̀ fi ti ara rẹ̀ lé e. Ìjọba Catalonia, ẹkùn Sípéènì tí Puigcerdà wà nínú rẹ̀, àti ti Faransé ló wá ìyókù.

Mo wọlé. Èdè mẹ́ta ló wà lára àwọn pátákó: Catalan, Sípáníìṣì àti Faransé. Ṣùgbọ́n ta ló ni ilé? Òfin ta ni wọ́n ń tẹ̀ lé? Irú ìbéèrè wọ̀nyí ni EGTC, ẹgbẹ́ Yúróòpù fún àjọṣe láàárín àwọn agbègbè, wà fún. Òfin Yúróòpù tó jáde lọ́dún 2006 gba àwọn ìjọba orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láyè láti para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tó lè gba òṣìṣẹ́, ra ẹ̀rọ, kó sì pe ènìyàn lẹ́jọ́. EGTC ti ilé ìwòsàn Cerdanya fìdí múlẹ̀ lọ́dún 2010. Puigcerdà ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà òfin Sípéènì ló ń darí rẹ̀. Nítorí pé orí ilẹ̀ Sípéènì ni ilé náà dúró sí, ọmọ tí aláboyún láti Faransé bá bí níbẹ̀, ilẹ̀ òkèèrè ni ìwé máa sọ pé wọ́n bí i sí.

Owó POCTEFA parí sí bíríkì àti ẹ̀rọ. Owó oṣù nọ́ọ̀sì, oògùn àti iná ń fẹ́ owó lọ́dọọdún, Catalonia ń gbé ìdá 60, Faransé ń gbé 40. Ìpín yìí ni kí ìlú ẹnu ààlà tó bá ń lálàá irú ilé bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ jókòó lé lórí, kó tó kọ̀wé béèrè owó ìkọ́lé.