Ṣáàfù tó há mọ́ ọkọ̀: irinṣẹ́ tí kò ní jẹ́ kí mẹkáníìkì jẹ gbèsè

Láti Igbó-Ọrà dé Èrúwà, títí dé Lánlátẹ̀, Ayétẹ̀ àti Tápà, mọ́tò ló ń gbé ọrọ̀ ajé Ìbàràpá rìn. Gààrí, ẹ̀gẹ́ àti èrò ọjà, inú mọ́tò ni gbogbo wọn ń gbà dé Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Bí ọkọ̀ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún "ka-ka-ka" nígbà tí dírẹ́bà bá yí kọ́nà, ọ̀rọ̀ ti di ti ṣáàfù nìyẹn. Àmọ́ ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé wàhálà yíyọ ṣáàfù tó ti gbó máa ń jẹ owó ju tuntun tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ PAN bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 ní Kàdúná lọ́dún 1975, táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ń wà. Orí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbà mẹkáníìkì ti kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n táyà iwájú ni ẹ́ńjìnnì ń wà lára Golf, Micra, Primera àti ọ̀pọ̀ Corolla tó ń ná ọ̀nà wa. Táyà iwájú yìí kan náà ló tún ń yí sọ́tùn-ún sósì, ìdí nìyẹn tí ṣáàfù fi ní oríkèé lápá méjèèjì. Ẹnjiníà Alfred Rzeppa ló gbé irú oríkèé yìí jáde láàárín ọdún 1920 sí 1930, ọkọ̀ Mini tó jáde ní Bìrìtìkó lọ́dún 1959 ló sì sọ ọ́ di ohun tí ayé ń lò.

Ibi méjì ni ṣáàfù ti máa ń há. Àkọ́kọ́ ni inú họ́ọ̀bù táyà, níbi tí omi àti eruku ti máa ń mú kí eyín rẹ̀ dípẹtà. Ìkejì ni inú gíábọ́ọ̀sì, níbi tí òrùka wáyà kékeré kan ti dì í mú. Bí wọ́n bá fi hámà lu orí ṣáàfù lásán, ojú ìdè nọ́ọ̀tì á bàjẹ́. Bí wọ́n bá fa ọ̀pá rẹ̀ tipátipá, oríkèé inú lè já. Bí irin bá sì ha síìlì gíáàsì, ọ́ìlì á máa jò. Bí oníbàárà bá gbé ọkọ̀ náà padà wá lọ́jọ́ kejì, ta ni yóò sanwó rẹ̀? Mẹkáníìkì ni, owó iṣẹ́ tó gbà sì ti wọgbó nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ wà nílẹ̀ kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì àárín táyà, kí ẹnì kan sì tẹ bíréèkì. Ẹ kọ́kọ́ yọ píìnì rẹ̀, tàbí kí ẹ gbé etí nọ́ọ̀tì tí wọ́n tẹ̀ wọnú dìde. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 30 tàbí 32 ló bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré mu. Ẹ fi páìpù irin gùn ún lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ jáàkì ọkọ̀, kí ẹ sì gbé e lé irin ìdúró. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dá lórí jáàkì nìkan.

Ẹ tú bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ìsàlẹ̀ kí họ́ọ̀bù lè ráyè sún. Ẹ fọ́n ọ́ìlì tó ń tú ìpẹtà sí eyín ṣáàfù, kí ẹ fún un láyè kó wọlé. Ẹ dá nọ́ọ̀tì padà títí yóò fi bá orí ṣáàfù dọ́gba, kí ẹ fi igi líle lé e, kí ẹ tó lù ú. Bí kò bá gbọ́, ẹ sinmi hámà, kí ẹ lo púlà tí wọ́n ń dè mọ́ ibi nọ́ọ̀tì táyà, tí bóòtì àárín rẹ̀ ń ti ṣáàfù jáde. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè fi irin pẹlẹbẹ tó nípọn ṣe é. Ẹ má fi iná sí i o: rọ́bà á yọ́, gíríìsì inú bẹ́ríìnì á sì jó.

Ní ti gíábọ́ọ̀sì, ẹ da ọ́ìlì rẹ̀ sínú abọ́ mímọ́. Ẹ ki ọ̀pá irin sáàárín oríkèé àti ara gíáàsì níbi tó lágbára, kí ẹ já a lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kò bá jáde, ẹ yí ṣáàfù díẹ̀ kí òrùka náà lè yí ipò padà, kí ẹ tún gbìyànjú. Ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa: bóòtì ló de ti Golf, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀tún àwọn ọkọ̀ mìíràn ní bẹ́ríìnì àárín tí wọ́n fi bóòtì dè.

Síìlì, òrùka àti nọ́ọ̀tì tuntun ló yẹ kó bá ṣáàfù tuntun wọlé, kí ẹ sì wọn ọ́ìlì rẹ̀ kó pé. Ẹ ka iye wọn mọ́ owó tí ẹ máa sọ fún oníbàárà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí lẹ́yìn iṣẹ́ ló máa ń dìjà. Bí púlà bá wọ́n jù fún ẹnì kan, ṣọ́ọ̀bù méjì tàbí mẹ́ta lè pawọ́ pọ̀ rà á.

Ẹ̀yin tí ẹ fi mọ́tò ṣòwò náà, ẹ máa yẹ rọ́bà ṣáàfù wò. Bí ẹ bá tètè rí i pé ó ya, rọ́bà àti gíríìsì nìkan lẹ máa rà. Bó bá ti di "ka-ka-ka," oríkèé ti jẹ nìyẹn. Àwọn àgbà ló sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.