Ìpè Òfìfo Nínú Ètò Aṣàkóso Ojú-Ọ̀nà Atẹ̀léra ti Kọ̀ǹpútà

1. Ìfáárà
Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, wà ní Ọ̀jọ́. Agbègbè kan náà ni ọjà Alábà wà, níbi tí a ti ń ta ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́, tí a sì ń tún un ṣe. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ fi ń ṣàlàyé àbùkù kọ̀ǹpútà fún akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá àti ọmọ-iṣẹ́ tí ó jẹ́ Yorùbá, ní Ìbà tàbí ní Okokomáíkò, a máa fi èdè wọn ṣe é. Bí ọ̀rọ̀-ìperí tí a bá fún wọn bá ṣì wọ́n lọ́nà, ibi tí kò bàjẹ́ ni wọn yóò máa tú.

2. Ìpè-lẹ́nu-iṣẹ́
Ojú-ọ̀nà atẹ̀léra ni ibi tí àmì ti ń wọ inú kọ̀ǹpútà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì. Bí lẹ́tà kan bá ti dé, ojú-ọ̀nà yìí yóò pe ọpọlọ kọ̀ǹpútà lẹ́nu iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ọpọlọ yóò dá iṣẹ́ náà dúró, yóò jẹ́ kí ètò aṣàkóso gba lẹ́tà náà, lẹ́yìn náà ni yóò padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Èyí ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní 'interrupt'. 'Ìdílọ́wọ́' kò bá a mu, nítorí pé iṣẹ́ ni ìpè yìí mú wá, kì í ṣe ìdènà. Ìpè-lẹ́nu-iṣẹ́ ni ó yẹ ẹ́.

3. Èké ni tàbí òfìfo?
'Spurious interrupt' ni ìpè tí a jẹ́, tí a kò sì bá ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà, bí ìgbà tí ẹni tí ó kanlẹ̀kùn ti lọ kí onílé tó ṣí i. Bí a bá sọ ọ́ ní 'ìpè èké', a ti di ẹ̀bi ru ẹni tí ó pè. Ẹ jẹ́ kí a wo kọ̀ǹpútà tí IBM gbé jáde ní ọdún 1981. Ẹ̀rọ 8259A ni agbàpè inú rẹ̀. Ìlà mẹ́jọ ni ó ní, láti 0 dé 7. Ìlà 4 ni ti ojú-ọ̀nà atẹ̀léra àkọ́kọ́, ìlà 7 sì ni ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Bí ìpè orí ìlà 4 bá dákẹ́ kí ọpọlọ tó jẹ́ ẹ, ìlà 7 ni agbàpè yóò dárúkọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò pè. Ojú-ọ̀nà atẹ̀léra kò sì purọ́. Òfìfo ni ìpè náà.

4. Àyẹ̀wò
(i) Kí ètò aṣàkóso kọ́kọ́ ka àpótí-àmì ìpè inú ẹ̀rọ 8250, tí ń bójú tó ojú-ọ̀nà náà. Àmì tí ó kéré jù lọ níbẹ̀ lè ṣi ènìyàn lọ́nà: 0 ni ó túmọ̀ sí pé ìpè ń bẹ, 1 ni pé kò sí. Bí ó bá jẹ́ 1, kí ètò náà ka òfìfo kan, kí ó fi àmì ìparí-iṣẹ́ ránṣẹ́ sí agbàpè, kí ó sì padà.

(ii) Bí ìpè bá gba ìlà 7 wá, kí a wo àpótí-àmì iṣẹ́-ọwọ́ inú 8259A. Bí àmì 7 kò bá sí níbẹ̀, òfìfo ni. A kò gbọdọ̀ fi àmì ìparí-iṣẹ́ ránṣẹ́ nígbà náà, kí a má baà fòpin sí iṣẹ́ ẹlòmíràn tí kò tíì parí.

(iii) Òfìfo tí ó ń wáyé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò léwu. Bí ó bá pọ̀, kí a wò bóyá ètò aṣàkóso ń pa ìpè ẹ̀rọ 8250 lẹ́nu mọ́ nígbà tí ìpè kan ti jáde, tàbí bóyá káàdì kò jókòó dáadáa sí àyè rẹ̀.

5. Ìkádìí
'Èké' ń rán aṣàtúnṣe lọ tú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. 'Òfìfo' ń kọ́ ọ pé kí ó kà á, kí ó wádìí iye rẹ̀, kí ó tó fọwọ́ kan irinṣẹ́. Ìdí nìyí tí ìpè òfìfo fi yẹ fún ìwé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́ ọwọ́ bákan náà.